Mo Gbé Àwòrán Ojú Mi Kọ́ Síta

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àìsàn yìí fún yín ní ọsibítù, tí ẹ sì ń wá ibi tí ẹ máa sá sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná. Èmi náà sá. Mo sá títí ó fi rẹ̀ mí, kí n tó padà wá jókòó ti oògùn. Ẹ̀tẹ̀ ni mo ní. Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe ka ọ̀rọ̀ yẹn, ẹlòmíràn ti fa ọwọ́ sẹ́yìn lára ìwé yìí. Ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ti inú ìwé ranni.

Mojísọ́lá ni orúkọ mi. Kùmásì ni wọ́n bí mi sí, ní Ashanti New Town, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Alata ni àwọn ará àdúgbò ń pè wá, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀, a kì í sì í bínú sí i. Ìyá mi ń ta àwo àti ìkòkò ní ọjà Kejetia. Èmi ò lè tajà ní tèmi. Bí ẹnì kan bá ti ná ọjà mọ́ mi lọ́wọ́ jù, inú á bí mi, màá ní kó máa lọ. Àwòrán ni mo ń yà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù pákó kan níwájú ilé wa, mo sì fi ọ̀dà búlúù kọ "Moji Art" sí i lókè.

Mo máa ń ya orí fún àwọn onídìrí, oríṣiríṣi irun, kí oníbàárà lè nàka sí èyí tó bá wù ú. Mo sì máa ń ya òkú. Ní Kùmásì, bí èèyàn bá kú, wọ́n á gbé àwòrán rẹ̀ síwájú ilé kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọ̀fọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n máa yà sí. Wọ́n á mú fọ́tò pélébé kan wá bá mi, èmi á yà á sórí pákó kó tóbi. Wọ́n á ní, "Sister Moji, yọ àpá yẹn kúrò." Wọ́n á ní, "Jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún díẹ̀ sí i." Mo máa ń ṣe é fún wọn. Mi ò ya òkú tó burẹ́wà rí láyé mi. Pupa àti dúdú ni wọ́n máa ń fẹ́ kí n kùn sẹ́yìn rẹ̀, torí aṣọ pupa àti aṣọ dúdú ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá yà á tán, màá gbé e kọ́ sára ìṣó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀dà rẹ̀ lè gbẹ. Ibẹ̀ ni àdúgbò ti máa ń mọ ẹni tó kú.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún tí ohun gbogbo di ọ̀wọ́n gógó ní Gánà, tí a ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ. Mo ń wo dígí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ibì kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì tó mọ́ ju ìyókù ojú mi lọ. Kò yún mi, kò dùn mí. Ó dà bí ìgbà tí mo bá po ọ̀dà àwọ̀ ara tí mi ò da búráùn tó sí i. Mo ní lápálápá ni. Mo ra ìpara lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn ní Kejetia, mo fi pa á títí, kò lọ. Mo bá ń fi pọ́dà bò ó. Ẹ gbọ́ o, bí nǹkan bá yọ sí yín lára tí kò dùn yín rárá, ìyẹn gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù. Àìsàn yìí kì í pariwo nígbà tó bá ń wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọwọ́. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ tí màá wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ké sí mi pé, "Mojí, kí ló ń jóná?"

Mo ní, "Màámi, kò sí nǹkan tó ń jóná."

"Ẹran ń jóná nínú ilé yìí."

Mo wo aṣọ, aṣọ ò jóná. Ìgbà tí mo wo ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo rí i pé ìka ọmọńdinrín mi ló fara ti irin gbígbóná náà. Ó ti bó, èmi ò sì mọ̀. Ìyá mi wọlé, ó mú ọwọ́ náà, ó wò ó, ó wo ojú mi. "Kò dùn ẹ́?" Mo ní kò dùn mí. Ó rọra fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo gbà pé ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀, torí ó ti rí irú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Bí ilé wa ṣe di ilé ìpàdé nìyẹn. Bùọ̀dá mi, Jóṣúà, tó ń gbé ní Tafo, ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin oníṣègùn kan ní àdúgbò rẹ̀. Ọkùnrin náà lọ ata mọ́ èédú àti ewé kan, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó ní, "Ó ń ta ẹ́?" Mo ní rárá. Inú ẹ̀ dùn, ó ní akin obìnrin ni mí, bùọ̀dá mi náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà níbẹ̀. Ata náà ti ṣàn dé àgbọ̀n mi, ó ń ta mí bí iná níbẹ̀, ojú àbàwọ́n yẹn nìkan ló dákẹ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ mú mi lọ síbi àdúrà, wọ́n fi òróró yàn mí lórí. Mi ò ní àdúrà ò dára, mo ṣì ń gbà á dòní. Ṣùgbọ́n oṣù ń lọ, ọmọńdinrín mi sì ń tẹ̀ wọnú. Owó tí a ná sórí ìpara àti agbo, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Oògùn tó wò mí sàn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi.

Búrọ́ọ̀ṣì ló gbé mi dé ọsibítù. Mo ń ya orí kan fún onídìrí, mo ń fa irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mú un, ó tún bọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún dáadáa. Bí wọ́n bá gba ọwọ́ lọ́wọ́ mi, kí ló kù? Ní ọjọ́ kejì mo wọ trotro, ọkọ̀ èrò wọn níbẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọsibítù ìjọba ṣe rí. Mo tò síbi káàdì, wọ́n ní kí n lọ sí fèrèsé kejì. Mo tò níbẹ̀, wọ́n wo ojú mi, wọ́n nàka sí ẹ̀yìn ilé. Bẹ́ńṣì kan wà níbẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, gbogbo àwọn tó jókòó sórí rẹ̀ fi aṣọ bojú. Èmi náà fa ìborùn mi sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọ Asante ni, Sister Adwoa ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ní kí n pa ojú dé, ìgbàkígbà tí òun bá fi òwú kàn mí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn mí níwájú orí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn mí lágbọ̀n, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá dákẹ́. Mo dúró, mo dúró. Mo ní, "Sister, ẹ ò ṣe é mọ́ ni?"

Ó ní, "Mo ti ń ṣe é láti àárọ̀." Mo lajú. Òwú náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

"Kwata ni," ó ní, bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀tẹ̀ ní Twi nìyẹn. Mo bi í bóyá ìka mi máa já. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Oògùn wà. Lò ó láì fo ọjọ́ kankan, wàá sàn. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kú nínú ọwọ́ rẹ, mi ò ṣèlérí ìyẹn. Kí ló dé tó o fi pẹ́ tó báyìí?" Mo ní mo rò pé lápálápá ni. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ńṣì, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ká kò. Ó ní, "Òun náà sọ bẹ́ẹ̀."

Oògùn náà sọ ìtọ̀ mi di pupa bí omi sóbò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé mo ti kú. Lẹ́yìn náà ó sọ mí di dúdú. Gbogbo ìyẹn kì í ṣe nǹkan, ó ń kọjá lọ. Ohun tó nira ni ilé. Bùọ̀dá mi ní mi ò gbọdọ̀ dúró ní New Town mọ́ níbi tí ojú pọ̀ sí. Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Tafo, ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé mo ti lọ sí Nàìjíríà. Wọ́n fún mi ní àwo tèmi, wọ́n so òwú pupa mọ́ ṣíbí mi kí ẹnikẹ́ni má ṣì í mú. Ìyá mi ń wá lójoojúmọ́. Ó ń gbé oúnjẹ wá, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bá mi sọ̀rọ̀. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ gbá mi létí, tó tún ń fi ọwọ́ kan náà di irun mi! Láti ọjọ́ tí mo ti dárúkọ àìsàn náà fún un, kò fọwọ́ kàn mí mọ́. Mo ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó ní òun gbọ́, kò sì wọlé. Mo bínú sí i gan-an. Mo tún mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Méjèèjì jọ wà nínú mi.

Nígbà tí ó sú mi, mo ní kí ìyá mi bá mi gbé pákó kan àti ọ̀dà mi wá. Mo gbé dígí sójú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara mi. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo yà á tán, kò sí àbàwọ́n kankan níbẹ̀. Ọwọ́ mi ti yọ ọ́ kúrò fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń yọ ti òkú. Mo fi kẹ́rósìn nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, mo tún un yà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ojú mi tó ti rù. Mo wò ó. Mo kórìíra rẹ̀, mi ò sì lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Èmi tìkára mi ni.

Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e wọ trotro lọ fi han Sister Adwoa. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Gbé e kọ́ síta."

Mo ní, "Síta ibo? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"O ń ya irun kí àwọn èèyàn lè mọ èyí tí wọ́n fẹ́. Jẹ́ kí wọ́n rí èyí kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn ò fẹ́."

Inú bí mi. Mo gbé àwòrán mi padà, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ó rọrùn fún un láti sọ, kì í ṣe ojú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún padà lọ gba oògùn, obìnrin kan jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, arẹwà, ó ti fi pọ́dà bo iwájú orí rẹ̀ ní ìpele ìpele. Mo mọ pọ́dà yẹn. Ìka rẹ̀ ti ń tẹ̀. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan hàn án kó tó pẹ́ jù. Mi ò lè sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Mo sọ fún bùọ̀dá mi pé ilé mi ni mò ń lọ. Ó pariwo, ó ní ṣé mo fẹ́ ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ ni. Mo ní orúkọ tèmi ni màá kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìborùn bojú, mo dé New Town láàárọ̀, nígbà tí ìyá mi ti lọ sí Kejetia. Mo fẹ́ kun ẹ̀yìn àwòrán náà kí ó lè dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọ̀dà ò sí lọ́jà nígbà yẹn, pupa àti dúdú nìkan ló kù nínú agolo mi. Mo kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní pupa, mo fi dúdú sí etí rẹ̀ yíká. Mo gbé e kọ́ sára ìṣó mi, mo sáré wọlé, mo tilẹ̀kùn, mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ó dà bíi pé mo bọ́ aṣọ sílẹ̀ láàárín Kejetia. Gbogbo èèyàn tí mo ti gbé kọ́ síta, mi ò bi ara mi rí bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí wọ́n bá gbé kọ́.

Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. "Ao! Sister Moji! Due o, due!" Bí wọ́n ṣe ń kẹ́dùn ní Twi nìyẹn. Mo ní nínú ara mi pé, áà, kò mà burú tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àbàwọ́n ojú mi ni wọ́n ń sunkún sí. Ohùn mìíràn ní, "Wọ́n ní Nàìjíríà ló lọ." Ẹnì kan dáhùn pé, "Ibẹ̀ ló kú sí nìyẹn." Ìgbà yẹn ló yé mi. Pupa, dúdú, ìṣó yẹn! Èmi tí mo ya gbogbo òkú àdúgbò, mo ti ya ara mi mọ́ wọn.

Mo yọjú wò láti ojú fèrèsé. Maame Serwaa, ìyá arúgbó tó ń ta kẹ́ńkẹ́ ní òdìkejì títì, ti so aṣọ pupa mọ́rí. Àwọn ọkùnrin ń gbé bẹ́ńṣì jáde. Ìyá Ìjọ láti ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá wa ti dá orin. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀, kí n má purọ́. Mo rò ó pé kí n dákẹ́ sínú ilé títí wọn á fi lọ. Ìgbà náà ni ẹnì kan ní, "Wọ́n ti lọ pe ìyá ẹ̀ ní Kejetia." Mo rí ìyá mi lọ́kàn mi láàárín àwọn ìkòkò rẹ̀, tí ẹnì kan ń sọ ọ́ sí i létí. Mo ṣílẹ̀kùn.

Obìnrin kan kígbe pé, "Saman!" ìyẹn ni pé iwin ni mí, ó sì sá lọ, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Maame Serwaa ò sá. Ó fi ìka gún mi léjìká. "Moji, ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Maame."

"O ò kú?"

"Mi ò kú."

"Kí wá ló dé tí o fi pa ara rẹ sára ògiri?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín wọ́n ń sunkún. Ṣùgbọ́n Maame Serwaa ti ń wo àwòrán náà dáadáa báyìí. Ó ní, "Kí ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí?" Ojú wọn ń lọ láti ara pákó sí ara mi.

Ìyá Ìjọ ló sọ̀rọ̀. "Ọ̀dà ló tán lọ́wọ́ ẹ̀. Àbí, Mojí?" Ó ṣẹ́jú sí mi, ó fi Yorùbá kún un wẹ́rẹ́ pé, "Sọ pé kò tíì parí, ọmọ mi."

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí gbogbo wa máa rẹ́rìn-ín lọ. Màá fi búráùn bò ó lọ́la, màá sì padà sínú pọ́dà mi. Mo rántí obìnrin orí bẹ́ńṣì yẹn.

Mo ní, "Ó ti parí, Mà. Kwata ni. Ẹ̀tẹ̀. Mò ń lo oògùn rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ní kò lè ràn yín."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilẹ̀ Asante, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá wá síbi ọ̀fọ̀ kì í lọ láì bọ àwọn onílé lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n káwọ́ sínú aṣọ. Ìyá Ìjọ dúró lókèèrè, ó ní Ọlọ́run á wò mí sàn, ó sì lọ. Ó dùn mí. Maame Serwaa ló tú aṣọ pupa kúrò lórí rẹ̀, ó rìn wá bá mi. Ó ní, "Ibi òkú ni mo wá. Mi ò lè lọ láì bọ olókùú lọ́wọ́." Ó na ọwọ́. Mo fún un ní tèmi. Ọmọńdinrín mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni mú un, àwọn ìka yòókù ló sọ fún mi. Àwọn díẹ̀ tẹ̀ lé e, wọn ò pọ̀.

Ibẹ̀ ni a wà nígbà tí ìyá mi dé. Kò sí gèlè lórí rẹ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Kò wo àwòrán kankan. Ó rí mi, ó já lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mú lójú. Ó ń fọwọ́ pa mí lórí, ó ń fọwọ́ pa mí lọ́rùn, ó ń fọwọ́ pa mí lójú, bí ẹni ń wá ibi tí mo ti kú. "Ta ló ní ọmọ mi kú? Ta ló sọ ọ́?"

Mo ní, "Àwòrán mi ni, Màámi."

Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì. Ojú àbàwọ́n náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo etí rẹ̀ yíká ló mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún mi ló mú un rántí, mo rí i lójú rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ibi tó wà. Mo ń retí kí ó mú un kúrò.

Kò mú un kúrò.

Mo ti lo oògùn náà tán, dókítà sì ní mo ti bọ́. Àwọ̀ ojú mi ti padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì ti tún ń mọ̀ bí nǹkan bá kàn án. Ọmọńdinrín mi àti ìka tó tẹ̀ lé e ò nà mọ́, wọn ò sì mọ iná dòní, nítorí náà mo máa ń yẹ ọwọ́ mi wò lójoojúmọ́ bóyá mo ti gbọgbẹ́. Ìka mẹ́ta ni mo fi ń mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì tó fún irun. Àwọn oníbàárà kan ò padà mọ́. Bùọ̀dá mi bínú pẹ́, ó ti ń wá jẹun nílé wa báyìí. Àwòrán náà ṣì wà lórí ìṣó, mo ti kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní búlúù kí ẹnikẹ́ni má tún sunkún. Àwọn kan máa ń dúró wò ó, wọ́n á ṣe bíi pé irun ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n á wá rọra ká aṣọ sókè, wọ́n á ní, "Sister, wo èyí." Mo máa ń mú wọn lọ bá Sister Adwoa. Bí tiyín bá wà, ẹ má fi pọ́dà bò ó, ẹ tètè lọ.

Ìyá mi ti dàgbà gan-an, kò lọ sí Kejetia mọ́. Ní àárọ̀ Sunday, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń ní kí n pa ojú dé. Á fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, á ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń pẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn, kí ọwọ́ náà lè pẹ́ níbẹ̀.